Sí ọ̀rẹ́ mi: ọmọ ti ń rìn, ó yá ká sọ̀rọ̀ omi

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí gbogbo ará ilé. O kú ìtọ́jú ọmọ. O ní ó ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ báyìí, kò sì sí ohun tí kì í fọwọ́ kàn. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti lè dá rìn ti lè dá dé ìdí omi, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọ á ké, àwọn á sì gbọ́. Ẹni tí omi ń wọ̀ lẹ́nu kò rí èémí tó máa fi ké, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tí ọmọdé fi lè rì. Má fi etí ṣọ́ ọmọ o. Ibi tí ọwọ́ rẹ ti lè tó o ni kó wà.

Nínú ilé, garawa ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ á di etí rẹ̀ mú, á bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Orí ọmọ kékeré wúwo fún ara rẹ̀, ló bá dorí kodò. Apá rẹ̀ kò lágbára tó láti ti ara rẹ̀ jáde, garawa tó lómi nínú kò sì ní dojú dé kí omi dà nù. Omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ ti tó láti bo imú àti ẹnu. Bí ẹ bá ti lo omi tán, ẹ dà á nù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ dojú garawa dé. Èyí tí omi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fi ìdérí tó há pinpin dé e. Èyí tí wọ́n kàn gbé lé e lórí, ọmọ á ṣí i. Kànga àti dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì wọ́n.

Kó o tó wẹ ọmọ, kó ọṣẹ, táwẹ́ẹ̀lì àti aṣọ sí tòsí. Bí fóònù bá dún, jẹ́ kó máa dún. Bó bá di dandan kó o jáde, gbé ọmọ dání. Má fi í ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọdé kì í ṣọ́ ọmọdé nínú omi.

Ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ọgbà tó yí i ká pátá ló dára, kó ga tó mítà 1.2 ó kéré tán, kí àlàfo igi rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ máa pa ara rẹ̀ dé. Má gbé àga sún mọ́ ọn, ọmọ á gùn ún. Ibi tí àgbà bá pọ̀ sí gan-an ló léwu, torí kálukú rò pé ẹlòmíràn ń wò ó. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní di fóònù mú, kó ṣọ́ ọmọ fún ìṣẹ́jú 15, kó tó fẹnu fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tí wọ́n ń kó sọ́mọ lápá, nǹkan ìṣeré ni. Ó lè yọ, ó lè jò.

Bẹ́ ẹ bá wá ọmọ tì, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí omi wà.

Bẹ́ ẹ bá fà á jáde tí kò sì mí, ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Èébì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ pariwo kí èèyàn pe ìrànlọ́wọ́. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, fẹ́ èémí sí i lẹ́nu nígbà 5, kó o máa wò bóyá àyà rẹ̀ ń gbéra. Bí kò bá tíì pé ọdún kan, fi ẹnu rẹ bo imú àti ẹnu rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kó wọlé tó ìdá mẹ́ta nínípọn àyà náà, kó yá tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Fẹ́ èémí 2, tún tẹ 30. Má dáwọ́ dúró títí á fi mí tàbí tí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Kódà bó bá jí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí ìṣòro èémí lè yọjú ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà.

Jọ̀ọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fi ọmọláńgidi kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ìwọ àti gbogbo ẹni tó ń bá ọ gbé ọmọ lọ kọ́ ọ. Kó o wá kọ̀wé sí mi, sọ gbogbo ibi tí omi wà nínú ilé yín, ká jọ wò ó.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ