Sí Àjọkẹ́, kí ìwé àṣẹ tó jáde

Kakuri, Kàdúná.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé èsì ìdánwò ti jáde, o sì yege. Ìyá rẹ ti pariwo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta kósáì lójúde wa, gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ pé ìwọ Rùká ti di agbẹ̀bí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí fóònù lálẹ́ àná, ọ̀kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn. Òun ni mo ṣe mú bírò.

O ní ọ̀gá ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Mararaba ní kí o máa bọ̀ wá gbẹ̀bí lọ́dọ̀ òun láti ọjọ́ Ajé, pé ìwé àṣẹ á máa bọ̀ lẹ́yìn, pé láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lára ògiri á bo gbogbo yín. Má lọ. Mi ò ní kí o rò ó wò o, mo ní má lọ. Ẹni tó yege ìdánwò ni ọ́, o ò tíì di agbẹ̀bí tí òfin mọ̀. Àfi ìgbà tí orúkọ rẹ bá wọ ìwé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, ìyẹn NMCN tí gbogbo yín ń pè, tí wọ́n sì fún ọ ní láísẹ́ǹsì tìrẹ. Láísẹ́ǹsì kì í ṣe agbòjò tí èèyàn mẹ́rin lè jọ sá sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí nǹkan bá lọ dáadáa, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ agbẹ̀bí. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa wá ẹni tó máa pe ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ tí kò bá dáa ni fáìlì ń sọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ bí mo ṣe pẹ́ tó ní ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yín, inú fáìlì ni mo ti kọ́ ọ. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, ṣùgbọ́n fáìlì kan wà tí wọ́n ní kí n gbé wá fún àwọn tó wá ṣe ìwádìí, mo sì ṣí i wò kí n tó gbé e lọ. Ìyá kú, ọmọ náà ò yè. Partograph rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń tọpa ìrọbí, wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Lílù ọkàn ọmọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, wọn ò fo ẹyọ kan. Bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, àmì kọ̀ọ̀kan jókòó sójú ìlà bí iṣẹ́ àmúrelé ọmọ tí tíṣà rẹ̀ le. Ẹni tó bá ti rí èyí tí wọ́n kọ lóru nítòótọ́ kò ní gbà á gbọ́. Èyí tí wọ́n kọ lóru máa ń ní àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ tàbí omi létí, bírò á tán lágbedeméjì, wọ́n á fi pupa parí rẹ̀, aago ò sì ní bọ́ sí géérégé. Ẹ̀yìn tí obìnrin náà kú tán ni wọ́n kọ tibí. Nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kò tiẹ̀ sí ní wọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọbìnrin kan tó ń dúró de láísẹ́ǹsì ló dá wà níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ò sì sí níbì kankan nínú fáìlì.

Ọmọbìnrin yẹn ni ọ̀gá Mararaba ń wá.

Nítorí náà, orúkọ ni iṣẹ́ tó kàn ọ́ báyìí, ó sì le ju bí o ṣe rò lọ, pàápàá fún àwa tí a bímọ sí Òkè Ọya. Ọjọ́ tí a mú ọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà gbọ́ Rùkáyátù, ó kọ Rukayya. Ó béèrè orúkọ bàbá, a ní Raimi, ó fi Raimi ṣe orúkọ ìdílé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Bí Oyèlékè ṣe bọ́ sọnù nìyẹn. Rukayya Raimi yìí ló bá ọ dé WAEC, òun náà ni wọ́n fi ṣe index rẹ, nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, nígbà tí o wọ ilé ìwé agbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n Rukayat Oyeleke ló wà lórí NIN, ìwé ìbí rẹ tún fi Ajoke sáàárín méjèèjì. Èèyàn kan ni ọ́ lójú tèmi àti ìyá rẹ, èèyàn mẹ́ta ni ọ́ lójú kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan á ní kí o lọ yí WAEC padà. Wàhálà tí kò lópin nìyẹn. Ibi tí ìwé pọ̀ sí ni kí o tẹ̀ sí: WAEC, index, èsì ìdánwò, Rukayya Raimi ni gbogbo wọn ń pè ọ́. NIN ni kí o mú bá wọn dọ́gba. Lọ búra ní kọ́ọ̀tù, gba àfidéfíìtì, gbé àtúnṣe orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn, kí o kó wọn lọ bá àwọn NIMC tó ń ṣe NIN. Má bínú nítorí Oyèlékè. Orí bébà ni kò ti sí. Bí ìwọ àti Mùídínì bá sì ń gbèrò ohun tí mo gbọ́ pé ẹ ń gbèrò (ìyá rẹ ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú), ẹ má jẹ́ kí orúkọ ọkọ dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kí láísẹ́ǹsì tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, o mọ ìyẹn jù mí lọ. Ímeèlì tìrẹ ni kí o lò, má lo ti ọmọ káfè. Ojú òpó ìgbìmọ̀ ni kí o ti sanwó, kí o sì tẹ risíìtì jáde. Ọ́fíìsì wọn ní Life Camp kò jìnnà sí ọ ní Kubwa. Bó bá di dandan kí o lọ, ẹni tó jókòó nídìí tábìlì ni kí o lọ bá. Ẹni tó bá pàdé rẹ ní gétì tó ní òun mọ ẹnìkan nínú, kí i, kí o kọjá.

Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún láísẹ́ǹsì ṣe, wọn kì í sì í tún un ṣe fún ẹni tí kò bá lọ sí MCPDP, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfikún tó pọn dandan fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tí mo mọ̀, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ ló tó mọ̀ pé láísẹ́ǹsì òun ti kú tipẹ́.

Mo mọ̀ pé ojú rẹ wà ní Ìlú Ọba. Nígbà tí NMCN kéde ní February 2024 pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé òun fún òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì níbí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tú jáde ní Abùjá àti Èkó, mi ò sì dá yín lẹ́bi. Ìjọba tí kò sanwó tó tọ́ fún òṣìṣẹ́ kò lẹ́nu láti dá a dúró. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní òfin yẹn ò sí, ọdún méjì lábẹ́ méétírọ̀nì tó le ni màá fẹ́ fún ọ, kí o sì lò ó ní Òkè Ọya níbí, kì í ṣe torí kí o lè wà nítòsí mi nìkan. NDHS ti 2018, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà, ní ìyá 512 ló ń kú nínú ọmọ 100,000 tí a bá bí láàyè ní Nàìjíríà. Èmi tí mo to fáìlì mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tó kú lápá ibí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ilé ni wọ́n bímọ sí, ilé ni wọ́n kú sí.

Ibẹ̀ ni Hausa rẹ ti máa wúlò ju sátífíkéètì lọ. Bí aláboyún bá wá fún àyẹ̀wò, kọ́kọ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó síta. Béèrè ẹni tó máa fọwọ́ sí i bí ó bá di pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lóru, kí o sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára káàdì nígbà tí ara obìnrin náà ṣì le. Mo ti rí káàdì tí nǹkan gbogbo wà nínú rẹ̀ àfi nọ́ńbà ọkọ. Ọkọ wà ní ọjà, ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ń wá ẹni tó máa ní kí wọ́n máa lọ.

Bí o bá wá ń wá iṣẹ́, kí o tó béèrè owó oṣù, ní kí wọ́n fi fìríìjì hàn ọ́. Ìwọ lo kọ́ mi nígbà ìsinmi pé oxytocin, oògùn tó ń mú ìrọbí yá, kò fẹ́ ooru, pé àárín dígírì 2 sí 8 ló gbọ́dọ̀ wà. Wo ohun tó ń gbé fìríìjì náà bí iná bá lọ. Wo bóyá Pepsi ni wọ́n kó sí i. Béèrè ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Gwagwalada bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, kí o sì wò ó pé táyà rẹ̀ léfẹ́ẹ́fẹ́ nínú. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi oxytocin sínú omi fún aláboyún kí ìrọbí lè yá, tí kò sẹ́ni tó ń ka ọkàn ọmọ, bọ́ síta, ì báà jẹ́ ìlọ́po méjì owó oṣù ni wọ́n ń san.

Mo mọ̀ pé owó ló jẹ́ kí o fẹ́ gbọ́ ti Mararaba. Màá máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ lóṣooṣù títí láísẹ́ǹsì fi máa jáde, má jẹ́ kí àǹtí rẹ máa dá gbọ́ bùkátà rẹ. Sọ fún ọ̀gá yẹn pé bàbá rẹ le, kò gbà. Bó bá sì nílò agbẹ̀bí lóòótọ́, á dúró dè ọ́.

Bàbá Sákírù ń bọ̀ ní rélùwéè láti Rigasa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Kubwa ló máa sọ̀. Ìwé ìbí rẹ àti WAEC wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpòòwé. Ṣe fọ́tòkọ́pì wọn kí o tó jáde ní ibùdókọ̀, kí o má sì fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí láísẹ́ǹsì bá dé, má gbé e sórí WhatsApp ẹbí o. Àwọn kan ń wá nọ́ńbà irú ẹ̀ tí wọ́n máa fi ṣe ayédèrú. Mú un wá sílé kí ìyá rẹ fojú rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Raimi Oyèlékè.