Ìtọ́jú jẹjẹrẹ parí, ìrìn àti owó rẹ̀ ò tíì parí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde ní oṣù Ọ̀wàrà lórí jẹjẹrẹ ọyàn, níbi tí ẹ ti rọ àwa obìnrin pé ká tètè lọ rí dókítà bí ọwọ́ wa bá kan kókó. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Èmi tètè lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi wà láyé kọ lẹ́tà yìí. Àmọ́ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kì í kọjá ibi àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ nípa àwa tí wọ́n ti gé ọyàn fún, tí a ti gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, àti rédíóthẹ́rápì, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa á, tí dókítà ti kí wa kú oríire, tí a kò sì yéé lọ sí ilé-ìwòsàn.

Tamoxifen, oògùn oníhóró tó ń dí hòmóònù obìnrin lọ́nà, ni wọ́n kọ fún mi nígbà tí ìtọ́jú tèmi parí, nítorí pé hòmóònù yìí ló ń bọ́ irú jẹjẹrẹ tó mú mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, fún ọdún márùn-ún. Àwọn mìíràn ń lò ó tó ọdún mẹ́wàá, torí ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé àrùn náà kì í sábà padà bá ẹni tó lò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó dúró ní ọdún márùn-ún. Dókítà tún ń yẹ̀ wá wò ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra wọn. A gbọ́dọ̀ ya màmógíráàmù, ìyẹn àwòrán inú ọyàn, fún ọyàn tó kù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kímò tí mo gbà wà lára èyí tó lè pa ọkàn lára, nítorí náà wọ́n ń yẹ ọkàn mi wò. Apá tí wọ́n ti yọ kókó ní abíyá rẹ̀ lè wú, ìyẹn náà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ilé-ìwòsàn ìjọba tí mo ń lọ, tó wà ní ìlú mìíràn, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti oníṣẹ́ abẹ, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti oníkímò, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti ọkàn. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá la ti gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà ká tó lè rí nọ́ńbà tó dáa gbà. A ó sanwó káàdì, a ó tò níbi tí wọ́n ti ń wá fáìlì, a ó tún lọ tò níwájú yàrá dókítà. Nígbà míì ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á ti bàjẹ́, wọ́n á ní ká lọ ṣe é níta, níbi tó ti wọ́n jù. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, a ó débẹ̀ ká tó gbọ́ pé ìyanṣẹ́lódì ti bẹ̀rẹ̀. Owó ọkọ̀ ti wọlé onímọ́tò, ọmọ tó sìn mí wá sì ti pa iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ.

Aṣọ ni mo ń tà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ti ń wà ní títì léraléra, oníbàárà á wá ẹlòmíràn lọ. Owó àjọ tí mo fẹ́ fi ra ọjà ọdún, ilé-ìwòsàn ni mo san án sí. Ọkọ mi yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a ṣì ń san án títí di òní. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù Òkúdù 2023, oògùn tó ń ti òkè òkun wá ti di ọ̀wọ́n gógó. Mo mọ àwọn obìnrin tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ń lo tamoxifen lónìí, tí wọ́n á fo ọ̀la, kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó ti fara da ọ̀bẹ àti kímò, owó oògùn kò yẹ kó gba ẹ̀mí ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí kì í ṣe owó. Mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo ìjọ bá mi jó, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá rí mi tí mò ń lọ sí ilé-ìwòsàn, wọ́n á ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ò ti gba ìwòsàn yín ni?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Arábìnrin kan tiẹ̀ gbà mí níyànjú pé kí n jáwọ́ nínú oògùn, kí n má bàa ba ẹ̀rí mi jẹ́. Mo bẹ àwọn pásítọ̀ àti àwọn alfa wa, ẹ máa sọ fún àwọn èèyàn yín pé ẹni tó ń lo oògùn kò sẹ́ Ọlọ́run. Ẹ̀rù tó ń bà wá lóru ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò máa jáde ti tó wa í rù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lóye pé kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò la nílò. Ìlànà ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ l'Amẹ́ríkà, ni pé ẹni tó parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn, tí kò sì ní àmì àìsàn kankan, kò nílò kó máa ṣe síkáánì CT, síkáánì eegun tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ lóòrèkóòrè. Kí dókítà gbọ́ tẹnu wa, kó fọwọ́ yẹ̀ wá wò dáadáa, ká sì ya màmógíráàmù ọdọọdún, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí wọ́n bá kọ síkáánì fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń wá àti ohun tí wọn yóò fi èsì rẹ̀ ṣe. Dókítà rere kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí eegun bá ń dùn yín tí kò dáwọ́ dúró, bí èémí yín bá ń gé, tàbí bí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró bá rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń lo tamoxifen, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì o.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ ilé-ìwòsàn fún kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí a rí gbogbo dókítà tó yẹ ká rí lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tó bá parí ìtọ́jú: àyẹ̀wò wo, ìgbà wo, títí di ọdún wo. Ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, kí wọ́n jẹ́ kó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní jẹ́nẹ́rà ìlú rẹ̀, kí wọ́n sì fi fóònù sọ èsì fún un.

Ìjọba náà ní tirẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lọ́dún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo wa, ó sì ní kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Àbúrò ọkọ mi kan tó ń gbé ní Peckham, nílùú London, ní irú àìsàn tèmi. Láti ọdún 2009, alárùn jẹjẹrẹ ní England kì í sanwó oògùn, yálà ti àrùn náà tàbí ti ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ dá sí wọn lára. Ìwé kan tó ń lo ọdún márùn-ún ló ń fi hàn nílé oògùn. Mi ò sọ pé kí àwa náà ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n tamoxifen ti pẹ́ láyé, kò wọ́n tó àwọn oògùn jẹjẹrẹ tuntun, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kà á mọ́ oògùn kòṣeémánìí. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí ná, àwa kan tí a jọ ń lọ ti dá àjọ kílíníìkì sílẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kàn ló ń kó o. Ẹni tó bá ń lọ á ra oògùn bọ̀ fún àwọn tó kù. Ẹnì kan nínú wa ló ń fóònù nọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, láti mọ̀ bóyá dókítà máa wá. Kò tó, ṣùgbọ́n ó ń gbà wá.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín sí ọ́fíìsì adójútòfò ìlera àwọn ìpínlẹ̀: O-HIS níbí l'Ọ́ṣun, OYSHIA l'Ọ́yọ̀ọ́, àti Ìlera Èkó. Kí ó béèrè bóyá ètò wọn ń san owó tamoxifen, màmógíráàmù ọdọọdún àti owó rírí dókítà fún ẹni tó ti parí ìtọ́jú. Bí ó bá ń san án, kí wọ́n sọ ibi tí a ó ti gbà á. Bí kò bá sì san án, kí wọ́n sọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ èsì wọn síbí kí a kà á.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, aláṣọ,
Ìkìrun, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun