Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Mi àti Ohùn Píjò Bàbá

Chicago,
Ọjọ́ 16, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Múfú ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín. Ìyàwó ń kọ́, àwọn ọmọ ń kọ́? Bá mi kí Màmá dáadáa. Sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ń dé fìlà. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dé etí mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ gùn ju ohun tí èèyàn ń sọ sínú fóònù lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti tábìlì bí ìgbà tí à ń kọ lẹ́tà sí ara wa nílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà píkọ́ọ̀pù mi náà ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú rẹ, ìwọ tí o ń tú ẹ́ńjìnnì Hilux palẹ̀ láàárọ̀ tí o sì ń dè é padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Yìnyín bọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, aago mẹ́ta òru ni mo sì gbọ́dọ̀ jáde lọ kó o kúrò níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo bá ṣàdéhùn. (O mọ̀ pé ilé kíkùn ni iṣẹ́ mi nígbà ooru, irin gbàràmù tí mo gbé síwájú ọkọ̀ láti fi ti yìnyín ni mo fi ń jẹun nígbà òtútù.) Mo fẹ́ ya kọ́nà báyìí ni mo gbọ́ “gbàm!”, lẹ́yìn náà “kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀”, bí ẹni ń wọ́ páànù lórí kọnkéré. Mo bọ́ sílẹ̀, mo tan iná fóònù. Irin tó gbé sàlẹ́ńsà dúró ti já, ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀ ti là, ikùn sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ ti lu. Mo wá waya ìfaṣọkọ́ kan nínú ọkọ̀, mo fi dì í mọ́ ṣáásí gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń di ti ọkọ̀ Bàbá yín, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń bú ramúramù. Kí n má purọ́ fún ọ, mo ń gbádùn rẹ̀.

O bi mí nínú ohùn rẹ pé kí ló lè jẹ irin báyẹn nígbà tí ọkọ̀ náà kò ju ti ọdún 2015 lọ. Iyọ̀ ni. Kí yìnyín tó bọ́ rárá ni ìjọba ti ń da iyọ̀ sójú títì, nítorí omi tó bá ní iyọ̀ kì í tètè dì. Iyọ̀ kan náà tí à ń fi sọ́bẹ̀ ni, kò kàn mọ́ tó ti inú ọbẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ a ta á sókè, a lẹ̀ mọ́ abẹ́, a sì wà níbẹ̀ títí òtútù á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí epo bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, omi wà lára ohun tí ń bá èéfín jáde. Bí èèyàn bá rìn jìnnà, sàlẹ́ńsà a gbóná, omi náà a gbẹ. Ṣùgbọ́n èmi, láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì ni, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n pa ọkọ̀, kí n tún tan án. Omi a dúró sínú ikùn rẹ̀. Iyọ̀ ń jẹ ẹ́ níta, omi ń jẹ ẹ́ nínú. Ní Ìbàdàn, gálọ́ọ̀pù ló ń pa sàlẹ́ńsà, ìyẹn tí wẹ́dà bá fi í sílẹ̀.

Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe sàlẹ́ńsà nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ń jẹun lọ́tọ̀ nìyẹn níbí. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní tí òun bá fi irú èyí tó bá ọkọ̀ wá sí i, 380 dọ́là ni, owó iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ báyìí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onípílọ́ọ̀gì mẹ́jọ, ó yẹ kí n jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ó ní òun lè pààrọ̀ gbogbo páìpù láti ẹ̀yìn kátálíìsì (ohun tí ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde) dé ìdí ọkọ̀, kó fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́ta, kí sàlẹ́ńsà rẹ̀ jẹ́ èyí tí kì í di ohùn mọ́nú. 1,150 dọ́là. Ó ní agbára ẹṣin 20 ni màá jèrè. Ó tan fídíò kan fún mi. Ohùn náà bà mí láyà, ó sì gbà mí lọ́kàn. Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò.

Ìwọ nìkan lo lè mọ ohun tó ṣe mí. Ṣé o rántí Píjò 504 Bàbá, píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ eérú yẹn? Nígbà tó máa fi di pé a wọ ilé ìwé girama, ojú wẹ́dìn ti pọ̀ lára sàlẹ́ńsà rẹ̀ ju irin lọ. Bí wọ́n bá ń ti oko Àkànrán bọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú ẹrù kòkó, a ti máa ń gbọ́ wọn kí wọ́n tó kúrò lójú títì ńlá. Ìwọ á gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ àga, èmi á ṣí ìwé tí n kò kà láti ọ̀sán, Màmá á gbé omi àmàlà kaná. Àwọn ewúrẹ́ pàápàá mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn dìde lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń sọ pé “Bàbá ti dé.” Sàlẹ́ńsà ti sọ ọ́. Ilé yín ni mo dàgbà sí, nítorí náà bí ohun tó dà bíi rẹ̀ bá dún níbi yìí, apá kan nínú mi ṣì máa ń fẹ́ lọ wá ìwé.

Mo ní kí ọmọkùnrin náà fún mi láyè kí n lọ rò ó. Mo dé ilé, mo kó ìṣirò jáde.

Ẹṣin 355 ni wọ́n kọ sí ẹ́ńjìnnì mi, lítà 5.3. Ẹṣin 20 tó ń pariwo yẹn, bóyá márùn-ún tàbí mẹ́wàá ni màá rí níbẹ̀, ìyẹn náà tí mo bá tẹ iná mọ́lẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ké. Ohun tó ń dí èéfín lọ́nà wà níwájú, ní ìdí ẹ́ńjìnnì àti nínú kátálíìsì, a ò sì ní fọwọ́ kan ìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ ìsàlẹ̀ gọ́tà lójú tí ẹnu rẹ̀ lókè ṣì há. Èwo ni mo tilẹ̀ fẹ́ fi eré ṣe? Yìnyín ni mò ń tì. Agbára ìbẹ̀rẹ̀ ni mo nílò, agbára kí ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ kó tì. O mọ èyí jù mí lọ: bí páìpù bá ṣe wẹ́kú, èéfín á sáré, eré rẹ̀ á sì máa fa èyí tó wà lẹ́yìn jáde. Bó bá fẹ̀ jù, èéfín á máa rìn gbẹ̀rẹ́, agbára ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ lè dín.

Ohun kan tún wà tí ọmọkùnrin yẹn kò mẹ́nu bà. Bí mo bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ yìí máa ń pa mẹ́rin nínú pílọ́ọ̀gì mẹ́jọ kó lè dín epo kù. Sàlẹ́ńsà tó bá ọkọ̀ wá ti mọ bó ṣe ń bo ohùn mẹ́rin tó kù. Èyí tí wọ́n ń tà fún mi kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní irú rẹ̀. Mo bá a lọ sí Milwaukee, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Wùùùù létí mi títí a fi dé. Orí fọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún wa.

Ní ti ìmọ̀ràn rẹ pé kí n yọ kátálíìsì kí n tà á, jọ̀ọ́, fi ìyẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń rà á kiri lọ́dọ̀ yín ń sanwó tó dáa, nítorí platinum, palladium àti rhodium tí wọ́n fi ra ara afárá oyin inú rẹ̀. Àwọn olè ibí náà mọ̀. Píkọ́ọ̀pù ga, wọn kì í wá jáàkì, wọ́n á kàn wọ abẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n gé ti ọkùnrin òdìkejì títì wa lóru ọjọ́ kan lóṣù Kejìlá. Bó ṣe tan ọkọ̀ láàárọ̀, gbogbo wa la yọjú lójú fèrèsé. Bí èmi bá fọwọ́ ara mi yọ ọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú mi. Ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń yẹ ọkọ̀ wò níbí, ọdún yìí gan-an ló kan tèmi. Wọ́n á ki waya bọ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, sẹ́nsọ̀ tó wà lẹ́yìn kátálíìsì á sì tú àṣírí mi.

Òfin Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, tilẹ̀ tún le ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe sàlẹ́ńsà ọkọ̀ kí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tó bá ọkọ̀ náà wá. Kò sọ pé díẹ̀, kò sọ pé púpọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ àwọn tó ń rú u tí ẹnikẹ́ni kò mú, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í ṣe aláwọ̀ dúdú tó ń wakọ̀ káàkiri iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa ní aago mẹ́ta òru.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀ kò ka òfin kankan. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ máa jí gbogbo àdúgbò ni, kí wọ́n lè mọ̀ pé Yorùbá ti jáde?” Ìyá arúgbó ará Poland tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa kò bínú sí mi rí. Ó kàn dá mi dúró lọ́jọ́ Ẹtì, ó rọra bi mí bóyá ara ọkọ̀ mi kò yá. Ìyẹn dùn mí ju ìwé ìtanràn lọ.

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lánàá pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì tí mo yọ lára fíríìjì. Mo gbé e lé páìpù ínǹṣì mẹ́ta tó pè ní stainless. Ó lẹ̀ pinpin. Stainless ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríṣi 409 ni, èyí tí ara rẹ̀ máa ń pọ́n bí iyọ̀ bá ti pẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó ní nickel nínú, tí wọ́n ń pè ní 304, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sábà lẹ̀ mọ́ ọn, òun ló sì lè bá iyọ̀ Chicago jà. Ọmọkùnrin náà wo mágínẹ́ẹ̀tì, ó wò mí, ó yí ohùn padà. A fẹnu kò sí 840 dọ́là: páìpù 304, kó fẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, sàlẹ́ńsà tó dákẹ́ bí èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n irin ni mo ra, n kò ra ariwo. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa dè é.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. O sọ pé Píjò náà ṣì wà lẹ́yìn ilé látìgbà tí Bàbá ti lọ, kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n. Bó bá ṣì lè jí, lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, bá mi wá bátìrì sí i, kó o tan án, kó o gbé fóònù sídìí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Má ṣe tún nǹkan kan ṣe lábẹ́ rẹ̀ kó o tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni,
Láńre ọ̀rẹ́ rẹ.